Àwókù Tí A Mọ̀ọ́mọ̀ Kọ́: Láti Kew Dé Virginia Water

Ọjọ́bọ̀, Kew

Ẹnu ọ̀nà Victoria Gate la gbà wọ ọgbà Kew ní Lọ́ńdọ̀nù lónìí, èmi àti Káyọ̀dé àbúrò mi tó wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ wa ní Peckham. Iṣẹ́ bíríkìlà ni Káyọ̀dé ń ṣe n'Íbàdàn, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ iṣẹ́ náà dunjú. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fẹ́ kí ẹni tó mọ ògiri bá mi wo irú ilé kan tó gba àwọn olówó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́kàn ní nǹkan bí 250 ọdún sẹ́yìn: ilé tuntun tí wọ́n kọ́ bí ẹni pé ó ti wó. Wọn á yan ibi tó dára nínú ọgbà, wọn á gbé ògiri dé ìdajì, wọn á dá a dúró, wọn á jẹ́ kí ewéko hù sí i lára, kí àlejò tó bá yọ lókèèrè lè rò pé ilé àwọn ará àtijọ́ ti wà níbẹ̀ rí. Kò sí ilé kankan níbẹ̀ rí.

Èyí tó wà ní Kew ń jẹ́ Ruined Arch. William Chambers ló yàwòrán rẹ̀ ní 1759 fún Augusta, opó Frederick, ọmọ Ọba George Kejì, tí ì bá jọba ká ní kò kú ní 1751. Chambers yìí kan náà ló kọ́ ilé gogoro alájà mẹ́wàá bíi ti àwọn ará Ṣáínà tí gbogbo ayé fi mọ Kew. Ó parí ìyẹn ní 1762. Ó ti bá ọkọ̀ àwọn oníṣòwò Swídìn dé Ṣáínà nígbà èwe rẹ̀, ó sì ti gbé ní Róòmù fún ọdún bíi mélòó kan, níbi tó ti ń fojú rí àwókù gidi lójoojúmọ́. Àwókù Róòmù ló fẹ́ kí èyí jọ.

Kò tóbi. Bíríkì ni gbogbo ara rẹ̀, wọ́n wá fi òkúta gbígbẹ́ bò ó níbi mélòó kan, kó lè dà bíi pé òkúta tó kù ti bọ́ dànù. Ẹnu-ọ̀nà ńlá kan wà láàárín tí orí rẹ̀ tẹ̀ bí ọrun, kékeré kọ̀ọ̀kan sì wà lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Àwọn èèyàn ń gbabẹ̀ lọ, ọ̀pọ̀ wọn ò tilẹ̀ gbójú sókè.

Káyọ̀dé kò kọjá. Ó dúró, ó wò ó látòkè délẹ̀, ó rìn yí i ká, ó tún padà wá síwájú.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹni tó kọ́ èyí mọṣẹ́," ó ní. "Ẹ wo òkè yẹn. Ògiri tó bá fúnra rẹ̀ wó, ibi tí omi gbà wọlé ló ti máa ń wó. Omi á kọ́kọ́ jẹ símẹ́ǹtì tó wà láàárín bíríkì, bíríkì á tú, èyí tó wà lórí rẹ̀ á tẹ̀lé e. Ṣé ẹ rí i pé èyí ò rí bẹ́ẹ̀? Wọ́n dí orí rẹ̀ pa. Ó jọ ohun tó ń wó, ṣùgbọ́n omi ò ríbi wọ̀ ọ́."

Mo kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Mo ti wá síbí lẹ́ẹ̀kan rí, ẹwà rẹ̀ nìkan ni mo rí nígbà náà. Ohun tí Káyọ̀dé rí ni pé kíkọ́ ohun tó jọ pé ó ń wó lọ, kó sì dúró fún ọgọ́rùn-ún ọdún méjì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó le ju kíkọ́ ilé tó pé lọ.

Kì í sì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́ lásán. Nínú ìwé tí Chambers tẹ̀ jáde ní 1763 nípa àwọn ilé tó kọ́ sínú ọgbà náà, ó ṣàlàyé pé afárá ni: ẹran ọ̀sìn àti kẹ̀kẹ́ ẹrù á gba orí rẹ̀ kọjá, àwọn tó wá ṣe fàájì á gba abẹ́ rẹ̀ rìn, wọn ò ní dí ara wọn lọ́nà.

A ò lè kúrò ní Kew láìdé Palm House, ilé onígíláàsì tí wọ́n parí ní 1848. Ọ̀pẹ wà nínú rẹ̀, ọ̀pẹ tiwa tó ń so ẹyìn. Káyọ̀dé ya fọ́tò rẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí Màámi. Ìdáhùn wọn dé kí a tó jáde: "Ta ní ń bá wọn kọ ẹyìn rẹ̀?"

Ọjọ́ Ẹtì, Painshill

Ọkọ̀ ojú irin láti Waterloo dé Cobham ní Surrey, takisí láti ibẹ̀ dé ọgbà Painshill. Ojú ọjọ́ mọ́, atẹ́gùn tutù. Ẹ má lọ síbí lẹ́yìn ọ̀sán, ọgbà náà fẹ̀ tó 158 éékà, ó sì yẹ kí èèyàn rìn ín tán.

Charles Hamilton ló dá a sílẹ̀. Ọmọ Earl of Abercorn ni, ṣùgbọ́n ọmọkùnrin kẹsàn-án ni, ogún baba kò sì lè kárí dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Síbẹ̀, láti 1738 ló ti ń ra ilẹ̀ yìí díẹ̀díẹ̀. Owó tó yá ló fi ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà. Ó gbẹ́ adágún omi kan tó ga ju odò Mole lọ, ẹ̀rọ ni wọ́n sì fi ń fa omi odò sókè sínú rẹ̀. Ó gbin ọgbà àjàrà sí etí omi náà. Ó kọ́ tẹ́ńpìlì, ó pa àgọ́ bíi ti àwọn ará Tọ́kì sórí òkè, ó sì ṣe ihò àpáta àtọwọ́dá tí wọ́n fi òkúta wẹ́wẹ́ tó ń dán lẹ òrùlé rẹ̀ láti inú. Nígbà tí oòrùn bá gba ihò kan wọlé tó kan omi, gbogbo òrùlé náà á máa tàn yanranyanran. A jókòó níbẹ̀ pẹ́.

Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn Hamilton ni pé ó mọ bí èèyàn ṣe ń rìn. Kò jẹ́ kí èèyàn rí nǹkan méjì papọ̀. Èèyàn á gba inú igi, á yọ sí omi. Á yà lẹ́yìn òkè, tẹ́ńpìlì á yọjú. Á rìn díẹ̀ sí i, tẹ́ńpìlì á fara pa mọ́, afárá á yọ. Ìgbà tí a rìn dé ibi kan létí omi ni a rí ilé àwọn mọ́ńkì (àwọn ọkùnrin onígbàgbọ́ tó jẹ́jẹ̀ẹ́ láti máa gbé papọ̀ fún àdúrà) tó wó, ní òdìkejì, òjìji rẹ̀ nínú adágún.

Àwókù ilé mọ́ńkì gidi kún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Láàárín 1536 sí 1540 ni Ọba Henry Kẹjọ tú àwọn ilé náà ká, ó gba ilẹ̀ wọn, wọ́n ṣí òjé orí òrùlé wọn lọ tà, òjò sì ṣe ìyókù. Nígbà tó fi máa di ayé Hamilton, ó ti lé ní igba ọdún tí àwókù wọ̀nyí ti wà. Ẹ̀rù wọn kò ba ẹnikẹ́ni mọ́, ẹwà wọn ni èèyàn ń rí. Ẹni tí irú rẹ̀ bá wà lórí ilẹ̀ rẹ̀ a máa fi yangàn. Hamilton kò ní, ó wá kọ́ ọ ní 1772.

Káyọ̀dé ti lọ sẹ́yìn rẹ̀ kí n tó dé ibẹ̀.

"Ojú ló ní, kò ní ẹ̀yìn," ó pè mí. "Bíríkì ni wọ́n fi mọ ọ́n, wọ́n wá rẹ́ ẹ, wọ́n fa ìlà sí i kó lè dà bí òkúta. Iṣẹ́ tí àwọn ọ̀gá wa ṣe sára àwọn pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ n'Íbàdàn nìyí. Ẹ ó rẹ́ ẹ tán, kó tó gbẹ ẹ ó fi igi fa ìlà sí i. Ẹni tó bá wà lókèèrè á ní òkúta gbígbẹ́ ni."

Òótọ́ ló sọ. Àwọn Àgùdà tó ti Brazil padà wá sí Èkó mọ irú iṣẹ́ ìrẹ́lé bẹ́ẹ̀ dáadáa, ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ nílẹ̀ wa ló sì gbé e wọ̀. Ó dùn mọ́ mi pé èdè tí Káyọ̀dé gbọ́ lára ògiri Surrey, èdè tí ọwọ́ rẹ̀ ń sọ nílé ni.

Ìdí tí wọ́n fi gbé e síbẹ̀ gan-an tún wà. Hamilton ti gbìyànjú láti máa sun bíríkì àti páànù alámọ̀ tà níbẹ̀, kí owó lè wọlé. Kò lérè. Ilé iṣẹ́ tó kùnà náà wá dúró sí etí adágún, ó ń ba ojú ọgbà jẹ́, ó fi ilé àwọn mọ́ńkì bò ó. Ọdún tó tẹ̀ lé e, 1773, gbèsè mú kó ta gbogbo Painshill. Àwókù yìí ni ilé tó kọ́ kẹ́yìn níbẹ̀. Mo rò ó bí mo ṣe dúró lábẹ́ fèrèsé rẹ̀ tó ṣófo: ọkùnrin kan ń kọ́ ilé tó jọ ohun tó ti tán, nígbà tí owó tirẹ̀ gan-an ń tán lọ.

Wọ́n máa ń sọ ìtàn kan níbẹ̀ nípa anìkàndágbé. Hamilton, wọ́n ní, kọ́ ilé igi kan sínú igbó, ó fẹ́ gba ọkùnrin tí yóò máa gbé inú rẹ̀ fún ọdún méje, tí kò ní gé irun, tí kò ní gé èékánná, tí kò ní bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, tí yóò sì gba owó ńlá lópin rẹ̀. Ìtàn náà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni ẹni tó gbà á ṣe, tí wọ́n fi bá a nílé ọtí. Ìtàn ni, bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ni mo ṣe kọ ọ́.

Ní 1786, John Adams àti Thomas Jefferson, tí àwọn méjèèjì jọba Amẹ́ríkà lẹ́yìn náà gẹ́gẹ́ bí ààrẹ, jọ wá wo ọgbà yìí. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i ní ọ̀rúndún ogún ló kàn mí jù. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì wọ́n gé ilẹ̀ náà tà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Igbó bo ọ̀nà, ẹrẹ̀ dí omi, òrùlé ihò àpáta wó lulẹ̀, ilé àwọn mọ́ńkì tí kò wó rí bẹ̀rẹ̀ sí í wó. Ìjọba ìbílẹ̀ Elmbridge ló ra ilẹ̀ náà padà ní 1980, ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n dá Painshill Park Trust sílẹ̀ láti tún un ṣe.

Ẹ fojú inú wo iṣẹ́ tí àwọn yẹn bá. Àwókù tó jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ ti di àwókù gidi. Wọ́n ní láti mọ èwo ni ihò tí Hamilton dá sí ògiri ní 1772, èwo ni ihò tí òjò dá sí i lẹ́yìn náà. Ti òjò, kí wọ́n dí i. Ti Hamilton, kí wọ́n fi í sílẹ̀, kí wọ́n tún un ṣe bí ihò. Káyọ̀dé mirí nígbà tí mo ṣàlàyé rẹ̀ fún un. Ó ní òun ò tíì gba irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí, pé ilé tó pé rọrùn, torí ilé tó pé máa ń sọ ohun tó kù fún èèyàn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, nílé

Òjò láti òwúrọ̀. A ò jáde. Mo ń ka nípa àwọn àwókù ilẹ̀ Yúróòpù fún Káyọ̀dé bó ṣe ń jẹ ẹ̀bà.

Frederick Kejì, ọba Prussia, kọ́ tirẹ̀ ní 1748 sórí òkè kan ní Potsdam, tí èèyàn lè máa wò láti ààfin Sanssouci. Òpó Róòmù àti ògiri jíjá yí adágún omi kan ká, omi náà ló yẹ kó máa ṣàn wá sí ìsàlẹ̀ kó máa tu sókè nínú ọgbà ọba. Ẹ̀rọ kò gbé omi náà bó ṣe yẹ títí Frederick fi kú. Ní ààfin Schönbrunn ní Vienna, 1778 ni wọ́n kọ́ ti ibẹ̀.

Èyí tó mú Káyọ̀dé gbé òkèlè dúró ni ti Désert de Retz, lẹ́yìn odi Paris. Ní 1781 ni ọlọ́lá kan tó ń jẹ́ Monville bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé tó jọ ìdí òpó tẹ́ńpìlì kan ṣoṣo, òpó tó tóbi débi pé tẹ́ńpìlì tó ni ín ì bá ga ju ohunkóhun tí èèyàn kọ́ rí lọ. Orí rẹ̀ já. Yàrá wà nínú rẹ̀ ní àjà lórí àjà, àtẹ̀gùn yípo láàárín wọn.

"Ṣé inú rẹ̀ lọ́kùnrin náà ń sùn?"

"Inú rẹ̀ ló ń gbé."

Ọjọ́ Àìkú, Wimpole

King's Cross sí Royston, takisí dé Wimpole ní Cambridgeshire. Pápá gbalasa ni ibí yìí, kò jọ Painshill rárá. Ilé ńlá pupa ló wà nísàlẹ̀, lórí òkè tó wà ní àríwá rẹ̀ ni ilé olódi tó wó wà: ilé ìṣọ́ gogoro kan, pẹ̀lú ògiri tó jáde lára rẹ̀ lápá méjèèjì tó ń dínkù lọ bó ṣe ń jìnnà. A rìn gba àárín àgùntàn gun òkè náà. Bí a ṣe ń sún mọ́ ọn ló ń tóbi sí i.

Sanderson Miller ló yàwòrán rẹ̀. Ní 1749 ni ọ̀rẹ́ rẹ̀, George Lyttelton, kọ̀wé sí i nítorí Lord Hardwicke tó ni Wimpole. Lyttelton fúnra rẹ̀ ti ní tirẹ̀ tí Miller kọ́ fún un ní Hagley. Ohun tí Hardwicke ń fẹ́, Lyttelton ní, kì í ṣe ilé, kì í tilẹ̀ ṣe yàrá; ògiri lásán ló fẹ́, tó máa jọ ilé olódi àtijọ́ tí yóò máa rí láti ilé rẹ̀. Hardwicke kú ní 1764 láìrí i. Ọmọ rẹ̀ ló jẹ́ kí wọ́n kọ́ ọ, lábẹ́ Lancelot Brown tó tún ọgbà náà ṣe. 1772 ló parí.

Orúkọ Hardwicke yìí ni kò jẹ́ kí n gbádùn ibẹ̀ bí mo ṣe gbádùn Painshill. Kó tó di Lord, Philip Yorke lorúkọ rẹ̀, òun sì ni agbẹjọ́rò àgbà fún ìjọba ní 1729, nígbà tí àwọn tó ní oko ìrèké ní West Indies wá bi òun àti Charles Talbot léèrè: bí ẹrú bá tẹ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣé ó ti dòmìnira? Bí wọ́n bá ṣe ìrìbọmi fún un ńkọ́? Ìdáhùn àwọn méjèèjì ni pé rárá, kò dòmìnira, ìrìbọmi kò sì yí ohunkóhun padà, olówó rẹ̀ sì lè fipá mú un padà sí oko. Ju ogójì ọdún lọ ni àwọn olówó ẹrú fi ń di ìwé náà mú. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ìwé náà dè, láti etíkun tiwa ni wọ́n ti kó àwọn tàbí àwọn òbí wọn. Ní June 1772 ni adájọ́ àgbà Lord Mansfield dá ẹjọ́ James Somerset, ẹrú tí olówó rẹ̀ fẹ́ fi ọkọ̀ kó lọ, ó ní kò sẹ́ni tó lè fipá gbé e kúrò nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ sí oko ẹrú.

1772. Ọdún tí ilé ìṣọ́ yìí parí. Ọdún tí Hamilton kọ́ ilé mọ́ńkì rẹ̀. Mo sọ ọ́ fún Káyọ̀dé, ó sì dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀.

"Ẹ wò ó," ó wá ní, "ẹni tó kọ́ ògiri tó wó sórí òkè kí òun lè máa wò ó, ògiri ìwé tó mọ ni kò wó bọ̀rọ̀."

N kò ní fi iṣẹ́ àwọn oníṣẹ́ òkúta wé ìwà ẹni tó gbé iṣẹ́ fún wọn. Iṣẹ́ náà dára. National Trust, ẹgbẹ́ tó ń tọ́jú àwọn ilé àtijọ́, ló ni Wimpole báyìí, láti ìgbà tí Elsie Bambridge, ọmọ òǹkọ̀wé Rudyard Kipling, ti fi í sílẹ̀ fún wọn nígbà tó kú ní 1976. Ilé ìṣọ́ náà ti bàjẹ́ gan-an kí wọ́n tó tún un ṣe, àtúnṣe yẹn sì gba ẹ̀bùn Europa Nostra, tí wọ́n ń fún iṣẹ́ ìtọ́jú ohun àtijọ́ ní Yúróòpù, ní 2016. Káyọ̀dé fi ọwọ́ tọ́ka sí ibi tí òkúta tuntun ti pàdé àtijọ́. Ó ní wọn ò fi í pa mọ́, pé ohun tó tọ́ nìyẹn.

Ọjọ́ Ajé, Virginia Water

Waterloo tún ni, a sọ̀ kalẹ̀ ní Virginia Water, a fẹsẹ̀ rìn dé adágún. William, Duke of Cumberland, ọmọ Ọba George Kejì, ló bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe adágún yìí lẹ́yìn 1746. Ìdídò rẹ̀ já nínú ìkún omi ní 1768, Thomas Sandby ló tún un ṣe, ó sì mú un fẹ̀ sí i. Ó tóbi, ó rẹwà, àwọn pẹ́pẹ́yẹ sì pọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nítorí òpó ni mo ṣe wá.

Wọ́n wà ní etí gúúsù omi náà, nínú igi. Òpó òkúta akọ àti òpó mábù, àwọn kan dúró pẹ̀lú ìtẹ́rí wọn, àwọn kan dá lórí, àwọn kan sùn sílẹ̀ nínú koríko. Ọ̀nà mọ́tò A329 gba orí afárá kan kọjá láàárín wọn, àwókù náà sì tún tẹ̀síwájú ní òdìkejì afárá. Láti Ọjọ́bọ̀ ni a ti ń wo ògiri tí ẹnikẹ́ni kò gbé inú rẹ̀ rí. Àwọn òpó wọ̀nyí ti dúró nínú ìlú. Leptis Magna ni, ní etíkun Líbíyà, ìlà oòrùn Tripoli.

Ibẹ̀ ni wọ́n ti bí Septimius Severus ní 145. Ó di olú-ọba Róòmù ní 193, ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó dé ipò náà. Kò gbàgbé ilé. Ó kọ́ gbàgede ńlá sí Leptis, ó kọ́ gbọ̀ngàn ìdájọ́, ó tún èbúté ṣe. Láti Íjíbítì ni wọ́n ti ń kó òkúta akọ wá, láti Gíríìsì ni mábù ti ń wá. Ní 208 ó kó ogun wá sí Britain yìí láti bá àwọn ará Caledonia, ilẹ̀ Scotland òní, jà, York ló sì kú sí ní 211. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, ìlú rẹ̀ dahoro, yanrìn sì bò ó. Yanrìn náà ló tọ́jú rẹ̀.

Kí Gẹ̀ẹ́sì tó débẹ̀, aṣojú ọba Faransé ti kó ọ̀pọ̀ òpó lọ láti òpin ọ̀rúndún kẹtàdínlógún. Ní 1816, Hanmer Warrington, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Tripoli, bá Pasha tó ń jọba níbẹ̀ sọ ọ́, òun náà sì fi òkúta Leptis ta Gẹ̀ẹ́sì lọ́rẹ, fún George, ọmọ ọba tó ń ṣàkóso dípò baba rẹ̀ tó ń ṣàìsàn. Ọ̀gákọ̀ William Smyth lọ síbẹ̀ láti wá ohun tó dára jù. Àwọn ará àdúgbò kò fẹ́ kí wọ́n kó o. Wọ́n kó o náà: òpó òkúta akọ 22, òpó mábù 15, orí òpó 10, ìdí òpó 25, pẹ̀lú àwọn òkúta mìíràn. Ọkọ̀ ojú omi tó ń jẹ́ Weymouth gbé wọn dé ní 1818. Òpó mẹ́ta tóbi jù fún ọkọ̀ náà, wọ́n fi wọ́n sílẹ̀ ní etíkun Leptis, ibẹ̀ ni wọ́n ṣì wà.

Nígbà tí wọ́n dé Lọ́ńdọ̀nù, kò sẹ́ni tó mọ ohun tí wọn ó fi wọ́n ṣe. Wọ́n dà wọ́n sí àgbàlá British Museum, wọ́n wà níbẹ̀ ní ọdún mẹ́jọ. Ìgbà tó di 1826 ni Jeffry Wyatville, ayàwòrán-ilé fún ọba, kó wọn wá síbí. George ti di Ọba George Kẹrin nígbà náà, ó fẹ́ràn láti máa gbé ọkọ̀ ojú omi kékeré lórí adágún yìí. Wyatville to òpó náà bó ṣe wù ú, kì í ṣe bí wọ́n ṣe wà ní Leptis. Ó gbé àwọn kan dúró, ó dá àwọn kan sílẹ̀ bí ohun tó ti wó níbẹ̀ látijọ́, ó sì pè é ní Tẹ́ńpìlì Augustus, orúkọ olú-ọba Róòmù àkọ́kọ́. Tẹ́ńpìlì Augustus kan kò sí ní Virginia Water rí.

Mo ti ń ronú nípa èyí kí n tó wá, mo sì ti rò pé inú á bí mi. Ohun tó ṣẹlẹ̀ yàtọ̀. Òpó náà lẹ́wà púpọ̀. Mo gbọ́wọ́ lé ọ̀kan tó sùn nítòsí ọ̀nà, ó tutù, ó dán níbi kan, ó rí ṣákaṣàka níbòmíràn. Káyọ̀dé kúnlẹ̀ sí ìdí òmíràn, ó ń wo bí wọ́n ṣe gbé e ka ìdí rẹ̀.

"Èyí ò jọ tàwọn yòókù," ó ní. "Tàwọn yòókù, wọ́n kọ́ wíwó. Èyí ti wó lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n wá gbé e dìde, kí wọ́n lè tún un tò bí ohun tó wó."

Bí Wyatville ṣe ń to òpó wọ̀nyí, ogun ń tú ìlú ká nílẹ̀ Yorùbá. Òwu ti parun, Ọ̀yọ́-Ilé kò ní pẹ́ di igbó, Ìbàdàn tí wọ́n bí èmi àti Káyọ̀dé sí ṣẹ̀ṣẹ̀ ń di ibùdó àwọn jagunjagun ní 1829. Ahoro Ọ̀yọ́-Ilé ṣì wà nínú igbó ìjọba lónìí. Mo gbìyànjú láti ro bí ara mi ì bá ṣe rí ká ní òpó ààfin Aláàfin ni wọ́n gbé dúró sétí adágún yìí, tí wọ́n fún un lórúkọ ọba tí kò gbé ibẹ̀ rí. N kò ní lè gbé e kúrò lọ́kàn. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni mo ṣe rò pé ó yẹ kó rí lára ará Khoms, ìlú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Leptis lónìí.

UNESCO ti fi Leptis sára àwọn ibi ìṣẹ̀ǹbáyé gbogbo ayé ní 1982, ní 2016 ni wọ́n fi í sára àwọn tó wà nínú ewu, nítorí ìjà tó ń lọ ní Líbíyà. N kò ní sọ pé kí wọ́n di òpó sínú ọkọ̀ lónìí, kí wọ́n gbé e lọ sáàárín ìbọn. Àwọn tó ń tọ́jú ọgbà ọba ń tọ́jú wọn. Ṣùgbọ́n mo gbà pé àwọn ará Líbíyà ló yẹ kó ní ọ̀rọ̀ kẹ́yìn lórí ibi tí òpó wọn yóò wà, lọ́jọ́ tí àlàáfíà bá dé, kí a sì bi wọ́n. Lẹ́ẹ̀kan ni Pasha fi wọ́n tọrẹ. Kò bi ará Leptis kankan.

Ẹni tó bá fẹ́ lọ, ẹlẹ́sẹ̀ kì í sanwó wọlé, ọkọ̀ nìkan ni wọ́n ń gba owó ìgbọ́kọ̀sí lé lórí. Láti ibi ìgbọ́kọ̀sí tó wà létí A30, ẹ gba ìsun omi tó ń dà látorí òkúta kọjá, ẹ máa gba etí omi lọ, àwókù náà wà lápá òsì. Ẹ dé abẹ́ afárá, kí ẹ sì wo òdìkejì rẹ̀ dáadáa, nítorí ọ̀pọ̀ àlejò ló ń yí padà níbẹ̀ láìmọ̀ pé ìdajì òpó Leptis ṣì wà níwájú. Ẹ lọ ní àárọ̀, nígbà tí oòrùn ṣì kéré tí mọ́tò kò tíì pọ̀ lórí afárá náà.